Àbá ni ètò ìjọba: bí ìlú ṣe ń kọ́gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́

Ọjọ́ tí gómìnà gé rìbọ́ọ̀nù nìkan ni a máa ń gbọ́ nípa ọ̀pọ̀ ètò ìjọba. Wọ́n á lu ìlù, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní ìṣòro náà ti dópin. Bí ètò ọ̀hún bá wá kú lẹ́yìn ọdún méjì, kò sẹ́ni tí yóò sọ ohun tó pa á. Ìjọba tó bá gorí àlééfà lẹ́yìn náà á fún un ní orúkọ mìíràn, á tún gé rìbọ́ọ̀nù tirẹ̀. Owó ti lọ, àkókò ti lọ, ẹ̀kọ́ tó yẹ kó ṣẹ́kù sílẹ̀ fún ìlú náà sì ti bá wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ àwọn onímọ̀ kan lọ́kàn ní Amẹ́ríkà láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Pragmatism ni wọ́n ń pe ìmọ̀ wọn. Charles Sanders Peirce ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan tó gbé jáde ní 1878: bí a bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ èrò kan, ká wo ìyàtọ̀ tí èrò náà yóò mú wá bí a bá fi ṣiṣẹ́ ṣe. Èrò tí kò mú ìyàtọ̀ kankan wá, ariwo lásán ni. William James sọ ọ̀rọ̀ náà di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìwé tó ṣe ní 1907. Ṣùgbọ́n John Dewey ló gbé e kúrò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, tó gbé e wọ inú ọ̀rọ̀ ìlú.

Ohun tí Dewey ń sọ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Àbá ni gbogbo òfin àti ètò tí ìjọba bá gbé kalẹ̀. Àbá sì nílò ẹni tí yóò máa wò ó bóyá ó ń ṣẹ, ó tún nílò ẹni tó láṣẹ láti yí i padà bí kò bá ṣẹ. Níbi tí àwọn méjèèjì ò bá sí, ìjọba lè ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún kó má gbọ́n ju ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí a ò bá ṣìnà, a kì í mọ̀nà. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ṣìnà tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ńkọ́?

Dewey dé Chicago ní 1894 láti wá kọ́ni ní yunifásítì ibẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti fojú ara rẹ̀ rí ohun tó wá kọ sínú ìwé. Ó máa ń lọ sí Hull-House, ilé tí Jane Addams àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ellen Gates Starr dá sílẹ̀ ní 1889 láàárín àwọn tálákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wá láti Ítálì, Gíríìsì, Rọ́ṣíà àti ibòmíràn. Àwọn tó ń gbé ilé náà, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin tó kàwé, máa ń ran aládùúgbò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè: orílẹ̀-èdè wo lo ti wá, èló ni wọ́n ń san fún ọ lọ́sẹ̀? Ní 1895 wọ́n ya ìdáhùn wọn sórí máàpù, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde.

Wọ́ọ̀dù 19 ni àdúgbò náà, pàǹtí sì ni ìṣòro ibẹ̀. Àpótí pákó ńláńlá ni wọ́n kàn mọ́ ojú títì fún ìdọ̀tí. Èso jíjẹrà àti àkísà kún inú rẹ̀, orí rẹ̀ sì ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun nǹkan. Àwọn obìnrin Hull-House kọ́kọ́ ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe, wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn. Wọ́n ń rìn kiri ẹ̀yìnkùlé nírọ̀lẹ́ nínú ooru, ẹ̀sùn tí wọ́n sì kọ ránṣẹ́ sí àjọ ìlera ìlú lé ní 1,000. Pàǹtí ò kúrò níbẹ̀. Addams wá kọ̀wé pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ kíkó pàǹtí wọ́ọ̀dù náà fún òun. Wọ́n rí ẹ̀sùn kékeré kan kà sí ìwé rẹ̀ lọ́rùn, wọ́n dà á nù, ṣùgbọ́n ariwo tó ti ibẹ̀ jáde mú kí olórí ìlú fi í ṣe wolé-wolé pàǹtí ní 1895, lówó oṣù tó jẹ́ dọ́là 1,000 lọ́dún.

Láago mẹ́fà àárọ̀ ló ti máa ń wà lójú títì láti rí i pé àwọn akópàǹtí bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Òun àti igbákejì rẹ̀, Amanda Johnson, á tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà títí dé ààtàn, kó má baà di pé wọ́n da ìdọ̀tí sọ́nà. Ó ní kí agbaṣẹ́ṣe fi kẹ̀kẹ́ kún kẹ̀kẹ́, láti 9 sí 13, lẹ́yìn náà láti 13 sí 17. Ó gbé àwọn onílé tí kò ra ohun ìdalẹ̀sí lọ sí kọ́ọ̀tù. Nígbà tí wọ́n sì wa ìdọ̀tí ojú títì tóóró kan, wọ́n kan ojú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́ dáadáa, ní íǹṣì 18 sísàlẹ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n rí i tán ni wọ́n tó bá àkọsílẹ̀ rẹ̀ pàdé nínú ìwé ìjọba. Ìjọba ti ṣe títì, ó ti san owó rẹ̀, ó sì ti gbàgbé pé òun ní in. Láàárín àwọn wọ́ọ̀dù tí ènìyàn ti ń kú jù ní Chicago, Wọ́ọ̀dù 19 wà ní ipò kẹta tẹ́lẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ sí ipò keje.

Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ìlú kò lè mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ò tó, torí kẹ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé àdéhùn. Ẹni tó dúró ní ìkòríta ní kùtùkùtù, tó rí ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí kẹ̀kẹ́ ìkẹyìn lọ, ló mọ̀. Ìwádìí ni Dewey ń pe irú nǹkan báyìí, ó sì ka ìwádìí bẹ́ẹ̀ sí iṣẹ́ ìjọba gan-an, kì í kà á sí ohun tí ìjọba ń ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti jí ní kùtùkùtù ni òtítọ́ máa ń pàdé lọ́nà. Ní 1902, ibà táífọ́ọ̀dù bẹ́ sílẹ̀ ní Chicago. Nǹkan bí ìdá kan nínú 36 àwọn ará ìlú ló ń gbé Wọ́ọ̀dù 19, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú 6 àwọn tí ibà náà pa ló jẹ́ ará ibẹ̀. Alice Hamilton, dókítà tó ń gbé Hull-House, dá àbá pé eṣinṣin ló ń gbé àrùn náà láti inú ṣálángá wá sórí oúnjẹ. Ó mú eṣinṣin ní ṣálángá, ó mú ní ilé ìdáná, ó gbé wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ó sì bá kòkòrò ibà náà lára díẹ̀ nínú wọn. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ilé dé ilé láti wo páìpù àti ṣálángá. Àwọn oníwèé ìròyìn gbé e, àwọn oníṣègùn yìn ín, ọ̀rọ̀ náà sì di ìwádìí lórí àjọ ìlera ìlú, tó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ pàdánù iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Hamilton tó gbọ́ pé eṣinṣin kọ́ ni olórí ọ̀ràn. Páìpù kan ló bẹ́ ní ibùdó tí wọ́n ti ń fa omi sí àdúgbò náà, omi ẹ̀gbin sì ń wọ inú omi mímu fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe. Àjọ ìlera mọ̀. Wọ́n pa á mọ́. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1943, Hamilton fúnra rẹ̀ sọ bí ìyìn tí wọ́n ń yìn ín lórí eṣinṣin ṣe ń tì í lójú láti ọdún dé ọdún.

Mo fẹ́ràn ìtàn eṣinṣin yìí ju ti pàǹtí lọ, torí àṣìṣe méjì ló wà nínú rẹ̀, wọn ò sì jọra. Hamilton ṣi àbá dá, ṣùgbọ́n gbangba ló dá a sí. Ó tẹ ohun tó rí jáde, ó sọ bó ṣe rí i, ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ ẹ́ wò, òun náà sì tako ara rẹ̀ nígbà tí òótọ́ dé. Àjọ ìlera ní tiwọn kò ṣi nǹkan kan mọ̀. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n kàn tì í mọ́ inú àpótí ni. Àṣìṣe ti Hamilton kò ba àwọn onímọ̀ pragmatism lẹ́rù rárá, torí Peirce ti kọ́ wọn pé kò sí ìmọ̀ ọmọ aráyé tí kò lè ní àtúnṣe. Èyí tí wọ́n ń bá jà ni ti àjọ ìlera.

Àríyànjiyàn tó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojú àgbáyé ni èyí tó wáyé láàárín Dewey àti Walter Lippmann, akọ̀ròyìn tí gègé rẹ̀ mú. Nínú ìwé méjì tó kọ ní 1922 àti 1925, Lippmann ní ayé ti díjú ju ohun tí mẹ̀kúnnù lè fojú tó lọ. Àwòrán tó wà lórí kálukú ló ń dìbò lé, kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Kí àwọn ọ̀mọ̀wé máa gba àwọn aláṣẹ nímọ̀ràn. Kí ará ìlú kàn máa yọ ìjọba tí kò bá ṣe dáadáa. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ìdìbò tiwa náà rí kò ní fi bẹ́ẹ̀ bá a jiyàn. Dewey pàápàá ò bá a jiyàn púpọ̀. Ó gbà pé àìsàn náà wà, oògùn tí Lippmann kọ fún un ni kò gbà. Ó fèsì nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó ṣe ní Ohio ní 1926, tó di ìwé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ní ṣúmékà lè mọ bàtà tún ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ohun tí Dewey fi kún un ni pé ṣúmékà tí kò bá gbọ́ ohùn ẹni tó wọ bàtà, tó bá pẹ́, kò ní mọ bàtà ṣe mọ́.

Ó tún fún wa ní ọ̀nà kan láti mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí ẹni méjì bá jọ ṣòwò, tí èéfín òwò wọn wá ń wọ ilé ẹni kẹta tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dì í, ẹni kẹta yẹn àti gbogbo àwọn tó jọ ọ́ ni ará ìlú tí Dewey ń sọ. Wọ́n lè má tíì mọ ara wọn. Wọ́n lè má mọ ibi tí èéfín náà ti ń wá. Iṣẹ́ ń bẹ níwájú wọn kí wọ́n tó lè béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ìjọba.

Ìran tó tẹ̀ lé ti Dewey gbé èyí wọ iléeṣẹ́ àti ọ́fíìsì. Orí ìmọ̀ Dewey nípa ìwádìí ni Donald Schön kọ ìwé oyè dókítà rẹ̀ lé. Ní 1978, òun àti Chris Argyris ya ọ̀nà méjì tí àjọ ń gbà kọ́gbọ́n sọ́tọ̀. Nínú ti àkọ́kọ́, nǹkan ò lọ bó ṣe yẹ, a tún un ṣe, ohun tí à ń lépa ò yí padà: kẹ̀kẹ́ mẹ́sàn-án ò tó, ẹ mú mẹ́tàlá wá. Ìkejì ló nira, kí a yẹ ohun tí à ń lépa fúnra rẹ̀ wò: kí ló dé tí wọ́n fi ń fi ipò wolé-wolé san gbèsè òṣèlú? Argyris kọ ọ́ ní 1991 pé àwọn òṣìṣẹ́ tó kàwé jù ni ìkejì yìí máa ń le fún jù, torí wọn ò kùnà rí, wọn ò sì mọ ohun tí wọ́n lè fi ìkùnà ṣe. Ẹni tó bá ti bá ọ̀gá onísùúùtù jókòó nípàdé yóò gbà fún un.

Charles Sabel àti Michael Dorf gbìyànjú ní 1998 láti sọ bí ìjọba òde òní ṣe lè sọ èyí di iṣẹ́ ojoojúmọ́. Òkè á sọ ohun tí à ń lépa, á sì fi ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ á gbìyànjú ohun tó bá ilẹ̀ rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní òmìnira yẹn lọ́fẹ̀ẹ́: ó gbọ́dọ̀ jábọ̀, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ibòmíràn sì bi í léèrè ìdí tí tirẹ̀ fi yàtọ̀. Ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni òkè á fi tún ète ṣe.

Ó lè dà bí àlá. Síbẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ CFC nìyẹn, èyí tí wọ́n ń lò nígbà náà nínú fíríjì àti ẹ̀rọ amúlétutù, tó sì ń jẹ ozone tó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ oòrùn. Àdéhùn Montreal ti 1987 kò kọ́kọ́ béèrè ju pé kí wọ́n gé e sí ìdajì. Ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan wà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún oníṣẹ́ fíríjì, fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìpaná, fún àwọn tó ń ṣe fóòmù, ẹnjiníà láti iléeṣẹ́ gan-an ló sì wà níbẹ̀, tí wọ́n ń sọ fún ara wọn ohun tó ti ṣeé fi rọ́pò. Bí ìròyìn wọn ṣe ń dé ni àdéhùn ń yí. Ní 1990 ní London, ìdajì di gbogbo rẹ̀, kí ó tó di ọdún 2000. Ní 1992 ní Copenhagen, wọ́n fà á wá sí 1996 fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀. HFC tí wọ́n fi rọ́pò kò pa ozone lára, àmọ́ ó ń mú ayé gbóná. Wọ́n tún padà sórí tábìlì ní Kigali ní 2016 láti dín òun náà kù. Àtúnṣe ló bí ìṣòro tuntun yẹn, àdéhùn náà sì ní ẹnu ọ̀nà tí ìṣòro tuntun lè gbà wọlé.

Ní ilẹ̀ wa, mo rí irú rẹ̀ kan. Ní 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Àríwá dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró torí ìfura. Àwọn tó ń darí ètò náà gbà nígbà tó yá pé ariwo rédíò nìkan ò lè tán an. Wọ́n pe àwọn ọba àti àwọn àlùfáà wọlé. Ní 2012 wọ́n dá ibùdó pàjáwìrì sílẹ̀, níbi tí gbogbo àjọ ti ń jókòó pọ̀ wo àbọ̀ láti pápá. Àwòrán sátẹ́láìtì fi hàn wọ́n pé abúlé pọ̀ tí kò sí lórí máàpù, tí àwọn alájẹsára ò dé rí. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 20 oṣù keje 2014 pẹ̀lú ọkọ̀ òfuurufú láti Làìbéríà, ètò yẹn kan náà ni wọ́n yá: Dókítà Faisal Shuaib, igbákejì ọ̀gá ibùdó rọpárọsẹ̀, ni wọ́n gbé wá darí ti Ebola. Àwọn 894 tó ti bá aláìsàn kan pàdé ni wọ́n ń tọ̀ lọ nílé, ọjọ́ 21 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni 20 ló kó àrùn náà, 8 kú, Dókítà Ameyo Adadevoh tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ kúrò ní ilé ìwòsàn sì wà lára wọn. Ẹnì kan tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ sá lọ sí Port Harcourt, dókítà kan tọ́jú rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, dókítà náà kú. Ní 20 oṣù kẹwàá, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Ebola ti tán ní Nàìjíríà. N kò rò pé ẹnikẹ́ni ka Dewey kí wọ́n tó ṣe é, kò sì pọn dandan.

Ẹ̀sùn kan wà tí wọ́n ti ń fi kan ìmọ̀ yìí tipẹ́. C. Wright Mills sọ ọ́ pé Dewey sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àìmọ̀ ni gbogbo ìṣòro ìlú, pé ó gbàgbé agbára. Àwọn kan wà tí ìṣòro náà ń bọ́. Ìdáhùn tí Sabel àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fún un ni pé kí ẹni tó bá kọ̀ láti kọ́gbọ́n pàdánù ju ẹni tó gbà lọ: àdéhùn Montreal ka òwò CFC pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí kò bá fọwọ́ sí i léèwọ̀, àtakò sì di òwò àṣedànù. Ìdáhùn tó dára ni, níbi tí ẹnì kan bá wà tó lè ti ilẹ̀kùn ọjà.

Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní Wọ́ọ̀dù 19, níbi tí Johnny Powers ti jẹ́ kańsẹ́lọ̀. Addams gbé ìpolongo ìbò dìde sí i lẹ́ẹ̀mejì, ní 1896 àti 1898, ó sì pàdánù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ó wá ṣe ohun tí olóṣèlú tó bá pàdánù kì í ṣe, ó béèrè ìdí. Nínú àpilẹ̀kọ tó gbé jáde ní 1898, ó ní àwọn aládùúgbò òun kì í ṣe òmùgọ̀. Powers ń sanwó ìsìnkú, ó ń wá iṣẹ́ fún ọmọ wọn, ó ń pín tòlótòló lọ́jọ́ Kérésì. Inú rere tí ojú wọn rí ni wọ́n ń dìbò fún, àwọn alátùn-únṣe ò sì ní irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ìwádìí gidi ni, ó sì yé e yékéyéké, àmọ́ òye ò gba ìjókòó lọ́wọ́ Powers. Láìpẹ́, òfin tuntun kan pa iṣẹ́ wolé-wolé pàǹtí pọ̀ mọ́ àbójútó títì, ipò tí ọkùnrin nìkan lè gbà. Obìnrin kò ní ìbò tí wọ́n lè fi gbẹ̀san. 1913 ni wọ́n tó gba ẹ̀tọ́ láti dìbò yan àwọn aláṣẹ ìlú ní Chicago, Powers sì ṣì wà ní káńsù.